Àbúrò mi ní lupus, ọjà Kétu ló sì ń ná: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ọmọ Alákétu

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Tìtorí àbúrò mi obìnrin ni mo ṣe wá síbí. Aṣọ ló ń tà lọ́jà Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin níbí, ó sì máa ń gbé e lọ sí àwọn ọjà ẹ̀bá ibodè lọ́nà Ìlárá. Ó ti pẹ́ tí oríkèé ọwọ́ ti ń ro ó bó bá jí láàárọ̀, tí irun ń já lórí ẹ̀, tó sì ń rẹ̀ ẹ́ láìṣe iṣẹ́ kankan. Nǹkan kan wá sú sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ méjèèjì, ó gba orí imú kọjá. Wọ́n tọ́jú ibà, wọ́n tọ́jú làkúrègbé, ẹnì kan ní kó máa fi ọṣẹ dúdú wẹ̀. Kútọnu ni dókítà oríkèé ti wá sọ fún un pé lupus ni, àìsàn tí agbára ara fi ń bá ara fúnra ẹ̀ jà. Hydroxychloroquine àti prednisone ni wọ́n kọ fún un, wọ́n sì ní kó máa sá fún oòrùn.

Ọ̀rọ̀ oòrùn yìí ló tojú sú wa. Ẹni tó ń pàtẹ ní Kétu, ibo ló fẹ́ sá sí? Ìyá ọkọ ẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọ̀rọ̀ yìí ju ti dókítà lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní in lára, tàbí tẹ́ ẹ ń tọ́jú ẹni tó ní in, ẹ bá wa sọ bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ ta oògùn fún wa, kó jọ̀ọ́ má wulẹ̀ kọ nǹkan kan.

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ bá mi kí àbúrò wa. Èmi náà ní in. Àwọn ọmọ mi ò tíì máa lọ síléèwé nígbà tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì báyìí, mo sì ń tajà mi ní Wàndó títí dòní. Ẹ kọ́kọ́ fìyẹn sọ fún un, torí ohun tí yóò máa rò lóru kọ́ ni yóò máa sọ fún yín lójúmọmọ.

Oòrùn tí dókítà ń wí, kì í ṣe ooru o. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í gbọ́. Ìtànṣán tó wà nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló ń ru àìsàn náà sókè, ìtànṣán yẹn sì ń bẹ lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run bá ṣú. Ó ń ta padà láti ara iyanrìn àti omi, ó sì ń gba inú gíláàsì ọkọ̀ wọlé. Bẹ́ẹ̀ kì í ṣe awọ nìkan ló ń dà láàmú. Èèyàn lè gba oòrùn lónìí, kó di ọjọ́ mélòó kan sí i kí oríkèé tó wú, kí ara tó gbóná, kó sì máa rò pé oúnjẹ alẹ́ àná ló fà á.

Láti nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló burú jù. Nítorí náà, kó tètè pàtẹ ní kùtùkùtù, kó fi ọmọ tàbí ọmọọṣẹ́ sídìí ọjà lọ́sàn-án, kó sì padà wá nígbà tí oòrùn bá ti rọ̀. Bí kò bá ní ọmọọṣẹ́, ẹ bá a wá ìsọ̀ tó ní ògiri lẹ́yìn àti òrùlé tó yọ síwájú dáadáa. Tapólì tó ti lu kò gbà á o, ìmọ́lẹ̀ á máa gba ibẹ̀ jò sí i lára. Àwọn ọjà ẹ̀bá ibodè yẹn ni kó jẹ́ kí ẹlòmíì máa bá a lọ ná, ó kéré tán títí tí ara á fi balẹ̀.

Ti aṣọ wíwọ̀, ṣé oníṣòwò aṣọ ni, kí ló tún ń wá? Kó wọ ọlọ́wọ́ gígùn tó hun pinpin. Kó na aṣọ náà sójú ìmọ́lẹ̀ kó tó rà á tàbí kó tó rán an: bó bá ń rí ìmọ́lẹ̀ láti ẹ̀yìn ẹ̀, kó jẹ́ ká tà á fẹ́lòmíì. Akẹtẹ̀ ńlá dáa ju gèlè lọ, torí gèlè kì í ṣíji bo ojú àti ọrùn. Lórí zemidjan (ọ̀kadà), kó fi ìborùn bo ẹ̀yìn ọrùn, kó sì wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ̀yìn ọwọ́ la máa ń gbàgbé.

Ìpara tó ń dènà oòrùn wà ní fàmásì. Èyí tí wọ́n kọ SPF 50 sí ni kó rà. Kó pa á dáadáa, kì í ṣe bí ẹni ń fi àdí ra ètè. Ojú, etí, ọrùn, ẹ̀yìn ọwọ́. Lẹ́yìn wákàtí méjì, bó bá ṣì wà níta, kó tún un pa. Ó wọ́n, mi ò ní parọ́. Ohun témi ń ṣe ni pé mo máa ń fi aṣọ bo ibi tí aṣọ lè bò, ìpara wá di ti ibi tó kù. Ìpara tó ń bóra ńkọ́? Kó má tiẹ̀ fọwọ́ kàn án, bí àpá ojú yẹn ti wù kó máa dùn ún tó.

Bàbá Fúnmi

Ọkọ ẹni tó ní lupus ni mí. Lórí ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ: ẹ má bá a jà, ẹ má sì jẹ́ kí ìyàwó náà fúnra ẹ̀ máa ṣàlàyé. Ọkọ ni kó mú ìyá rẹ̀ dání lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún ń lọ rí dókítà. Bí mo ṣe ṣe nìyẹn. Ìyá mi bi dókítà ní gbogbo ìbéèrè tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, títí kan bóyá àwọn ọmọ lè kó o níbi ṣíbí ìjẹun. Láti ọjọ́ yẹn, òun gan-an ló ń rán wa létí oògùn. Àrùn náà kì í ràn o. Kì í ti ara oúnjẹ, ibùsùn tàbí ìbálòpọ̀ ranni.

Nọ́ọ̀sì Òkè Ṣábẹ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí, kì í ṣe dókítà oríkèé, nítorí náà ẹ fi ohun tí mo bá sọ wé ti dókítà yín.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí: agbára tí ara fi ń bá àrùn jà ló ṣìnà. Ọdẹ tí wọ́n fi ṣọ́ ilé ló wá ń lu onílé. Ìdí nìyẹn tó fi lè bá oríkèé, awọ, ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró, ọkàn àti kíndìnrín jà, tí kò sì sí alárùn méjì tí tiwọn bára mu. Nínú èèyàn mẹ́wàá tó ní in, nǹkan bíi mẹ́sàn-án ni obìnrin, ó sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún 15 sí 44, ìgbà tí obìnrin ń bímọ tó sì ń ṣòwò. Lára àwa adúláwọ̀, ohun tó ń sú sójú yẹn kì í pọ́n bíi ti fọ́tò inú ìwé àwọn òyìnbó. Ó máa ń dúdú tàbí kó rí bí àlùkò, wọ́n á sì ní ìpara ló bó o. Ìyẹn wà lára ohun tó ń mú kó pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n nílẹ̀ wa.

Ó kan oògùn. Hydroxychloroquine kì í yára. Ó lè tó oṣù méjì sí mẹ́ta kó tó rí àǹfààní ẹ̀, ti ẹlòmíì máa ń tó mẹ́fà. Ọ̀pọ̀ ló máa ń sọ ọ́ nù ní oṣù kìíní pé kò ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni òpó gbogbo ìtọ́jú náà. Ìwọ̀n ẹ̀ kò yẹ kó ju mílígíráàmù 5 lọ fún kílò ara kan lójúmọ́. Ẹni tó bá wọn kílò 60, 300 ni òkè téńté tiẹ̀. Bí àbúrò bá rù tàbí tó sanra, ẹ rán dókítà létí kó tún un ṣírò. Nítorí ojú ni. Bí ìwọ̀n bá pọ̀ jù fún ọdún púpọ̀, ó lè ba inú ẹyinjú jẹ́. Kí wọ́n yẹ ojú wò láàárín ọdún kìíní, tó bá sì ti lo oògùn náà fún ọdún márùn-ún, kó máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún.

Prednisone ni kó máa gbà láàárọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Bí ojú bá rí rọ́bọ́tọ́, oògùn ló fà á, yóò lọ bí wọ́n bá dín in kù. Ṣùgbọ́n kó má ṣe dá a dúró fúnra ẹ̀ lójijì, tìtorí ojú tó wú tàbí tìtorí owó. Bó bá ti lò ó fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ara rẹ̀ kì í ṣe èròjà tirẹ̀ tó jọ oògùn yẹn dáadáa mọ́, ó lè dákú. Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Àwọn oògùn kan wà tí kó máa sọ "mo ní lupus" kí wọ́n tó kọ fún un. Cotrimoxazole, èyí tí wọ́n ń fún èèyàn fún ìgbẹ́ gbuuru tàbí àìsàn ìtọ̀, lè ru lupus sókè. Ibuprofen àti diclofenac kò dáa fún kíndìnrín tó ti ń ṣàìsàn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, kó má gbà á láìbi dókítà, pàápàá bó bá wà lórí oògùn tó ń tẹ agbára ara mọ́lẹ̀.

Kíndìnrín ni mo fẹ́ tẹ̀ mọ́ yín létí jù, torí kì í dunni. Ìtọ̀ á máa hó ìfófó, ẹsẹ̀ á máa wú ní ìrọ̀lẹ́, ojú á wú láàárọ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á ga, àbúrò á sì ní kò sóhun tó ń ṣe òun. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń yẹ ìtọ̀ àti ìfúnpá wò déédéé, ní bíi oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ìyẹn ò nílò Kútọnu. Ọ̀pá àyẹ̀wò ìtọ̀ wà níbi tó sún mọ́ yín. Àwa ní ilé ìwòsàn agbègbè níbí ní Ṣábẹ, ẹ̀yin ará Kétu sì mọ ọ̀nà Pọ́bẹ̀. Kó kọ èsì gbogbo sínú ìwé kan ṣoṣo, kó máa gbé ìwé náà dání.

Ibà ńkọ́? Èmi ò gbà kí ẹnikẹ́ni sọ pé "hydroxychloroquine ti ń lé ẹ̀fọn ibà". Ibà ilẹ̀ wa ti mọwọ́ chloroquine, ìbátan oògùn yìí, tipẹ́. Kó sùn sábẹ́ àwọ̀n. Bí ara bá gbóná tó 38, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò fún palu (ibà) lọ́jọ́ yẹn, bí kò bá sì sí níbẹ̀, kí dókítà mọ̀. Ó lè jẹ́ lupus ló ru, ó sì lè jẹ́ àrùn mìíràn tó wọlé torí pé prednisone ti tẹ agbára ara mọ́lẹ̀.

Ewé Ń Jẹ́

Ẹ̀yin ará, mi ò tajà, ẹ má bínú sí mi. Ewé wà nílẹ̀ yìí kí òyìnbó tó dé. Mo mọ obìnrin kan tó mu àgbo bàbá kan lọ́nà Pọ́bẹ̀, oríkèé ẹ̀ tí kò ṣeé ká tẹ́lẹ̀ ló fi ń gúnyán báyìí. Ó ti dá ti òyìnbó dúró.

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́

Inú mi dùn fún un. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa àrùn yìí: ó máa ń ru, ó máa ń rọlẹ̀ fúnra ẹ̀. Ohunkóhun tí èèyàn bá mu lọ́sẹ̀ tó ń rọlẹ̀, òun ni yóò gba ìyìn. Ẹni tó dá oògùn dúró yẹn, ta ló ti yẹ ìtọ̀ ẹ̀ wò láti ìgbà náà?

Nọ́ọ̀sì Òkè Ṣábẹ

Mi ò bú ewé o, bàbá mi àgbà fúnra ẹ̀ ń já a. Bí ẹ bá máa mu àgbo, ẹ sọ fún dókítà ohun tó wà nínú ẹ̀, torí kíndìnrín ni gbogbo ẹ̀ ń gbà jáde. Bí ẹni tó se é ò bá lè sọ ohun tó fi sí i, ẹ má mu ún. Àwọn tó ń fi fídíò polówó "lupus lọ pátápátá" lórí Facebook ni kẹ́ ẹ sá fún jù. Kò tíì sí ohun tó ń wò ó tán, ní ilé ìwòsàn tàbí ní igbó. Oògùn wà tó ń mú un dákẹ́, ìyẹn sì pọ̀.

Ewé Ń Jẹ́

Mo gbọ́. Màá ní kí obìnrin náà lọ yẹ ìtọ̀ wò.

Tàńtí Ẹlẹ́kọ, Wàndó

Mo rí i pé kò sẹ́ni tó ti sọ̀rọ̀ oúnjẹ. Prednisone máa ń pa èèyàn lébi, á sì tún máa fa iyọ̀ àti omi mọ́ ara. Kó dín iyọ̀ kù, kó sì mọ̀ pé iyọ̀ tó pọ̀ jù ń bẹ nínú horo amọ́bẹ̀dùn tá à ń fọ́ sínú gbogbo ìsebẹ̀ ní Àjàṣẹ́ yìí, àti nínú ẹja oníyọ̀. Ata, àlùbọ́sà, atalẹ̀ àti irú á gbé ọbẹ̀ náà dúró. Ohun mímu dídùn inú ìgò kó dín kù, torí oògùn náà lè gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè. Egungun náà ń rọ̀ lórí ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń sá fún oòrùn kì í ní fítámì D tó, nítorí náà kó bi dókítà nípa kalisíọ́mù (calcium) àti fítámì D. Wàgàsì (wàrà) dáa, ẹja kéékèèké tá a ń jẹ teegunteegun náà dáa. Ọtí sódábì, kó fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń ṣòkú.

Kò sí oúnjẹ kan tó ń wo lupus, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi "má jẹ eléyìí, má jẹ tọ̀hún" ebi pa á.

Àdùnní, akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Ọmọ Ṣábẹ ni mí, yunifásítì Abomey-Calavi ni mo wà, èmi náà sì ní lupus. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ ni àárẹ̀ yẹn. Kì í ṣe irú èyí tí oorun ń mú lọ. Mo máa ń jí kí n má lè gbé garawa omi. Wọ́n ní ọ̀lẹ ni mí. Nígbà tí irun mi já tí mo rù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé SIDA (éèdì) ni. Ìyẹn dùn mí ju oríkèé lọ.

Ẹ jẹ́ kí àbúrò máa pín iṣẹ́ ọjọ́ rẹ̀: iṣẹ́ líle kan láàárọ̀, kó sinmi, kó tó kan òmíì. Lọ́jọ́ tára bá dá, kó má ṣe gbogbo ohun tó ti wà nílẹ̀ tán, torí ọjọ́ kejì ló máa san án. Rírìn díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn ti wọ̀ ń ràn mí lọ́wọ́, bó tiẹ̀ dà bí ẹni pé á dá kún un. Bí ọyẹ́ bá dé, kó ṣọ́ ìka ọwọ́. Tèmi máa ń funfun bí eérú, á kú, á wá máa ta mí. Ìbọ̀sẹ̀, ìbọ̀wọ́, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìfọṣọ.

A jẹ́ díẹ̀ tá a jọ ń sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, ará Àjàṣẹ́, Kétu, Ṣábẹ, Pọ́bẹ̀. Ohùn la máa ń fi ránṣẹ́, torí ìka tó ń ro kì í lè tẹ fóònù. Òfin wa ò pọ̀: a kì í ta nǹkan, a kì í sọ fún ẹlòmíì iye oògùn tó máa lò, fọ́tò ẹnikẹ́ni kì í jáde níbẹ̀. Ẹni tó bá ní òun ò fẹ́ wà láyé mọ́, a kì í gbàdúrà fún un nínú ẹgbẹ́ lásán ká sì lọ sùn. Ẹnì kan á pè é lójú ẹsẹ̀, ẹnì kan á wá ẹbí ẹ̀. Selena Gomez, olórin Amẹ́ríkà yẹn, ní lupus, wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún un ní 2017, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ó máa ń fún mi lókun tí mo bá rántí.

Ó ku ọ̀kan: 10 oṣù karùn-ún ni ọjọ́ lupus lágbàáyé, àwọ̀ àlùkò là ń wọ̀. Àbúrò tó ń ta aṣọ, kó lọ ko àlùkò jọ o!

Ọmọ Alákétu

Ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an. Ó ń ka gbogbo ẹ̀, ó ní kí n kí Àdùnní, àlùkò náà ti mú un rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n béèrè nǹkan kan tí òun ò lè béèrè lọ́wọ́ dókítà níwájú ọkọ. Oyún ti bàjẹ́ lára ẹ̀ rí kí wọ́n tó mọ̀ pé lupus ni, ó sì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ṣé ó ṣì lè bímọ?

Nọ́ọ̀sì Òkè Ṣábẹ

Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ní lupus ló ń bímọ. Kó sọ ọ̀rọ̀ oyún tó bàjẹ́ yẹn fún dókítà, kó má fi pamọ́, torí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní antiphospholipides. Àwọn kan nínú alárùn lupus ní èròjà yẹn, ó máa ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, ó sì lè mú oyún wálẹ̀. Bó bá wà níbẹ̀, ìtọ́jú tiẹ̀ wà: aspirin kékeré àti abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, lábẹ́ ojú dókítà. Èròjà yìí kan náà ni kẹ́ ẹ fi máa ṣọ́ ẹsẹ̀ kan tó bá wú lójijì, tàbí àyà tó bá ń dunni béèyàn bá mí: ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an.

Kó dúró kí àìsàn náà rọlẹ̀ fún bí oṣù mẹ́fà kó tó lóyún. Hydroxychloroquine kì í ṣe ohun tí aboyún ń dá dúró, ó ń dáàbò bo ìyá àti oyún. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi mycophenolate, oògùn mìíràn tó ń tẹ agbára ara mọ́lẹ̀, kún un lọ́jọ́ iwájú, ìyẹn gbọ́dọ̀ ti kúrò lára ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú. Ní báyìí tó ń dúró, kó bi wọ́n irú ìfètò sọ́mọ bíbí tó bá a mu, kó má kàn lọ ra èyíkéyìí. Àwọn họ́mọ̀nù kan léwu fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ń tètè dì.

Ó sì lè lọ rí dókítà láìmú ọkọ dání. Ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni.

Ará Ìlárá

Mo wà lẹ́bàá ibodè, mo sì mọ̀ pé àwọn ará wa máa ń sọdá lọ ra oògùn lápá Nàìjíríà nígbà tí fàmásì níhìn-ín bá ní kò sí. Mi ò ní kẹ́ ẹ má ṣe é, ṣùgbọ́n kí ẹ mú páálí èyí tó ń lò dání, kẹ́ ẹ fi orúkọ inú ẹ̀ àti mílígíráàmù wé ara wọn, kẹ́ ẹ sì rà á nínú fàmásì tó ní òrùlé. Oògùn orí àtẹ, rárá. Ẹ rántí bí ìjọba ṣe ya wọ ọjà oògùn Adjégounlè ní Kútọnu ní 2017 tí wọ́n kó oògùn ayédèrú lọ. Wọn ò kúrò láyé, wọ́n kàn sún sápá ibòmíì. Kó máa ra tuntun nígbà tí èyí tó wà nílé bá ṣì kù tó ọ̀sẹ̀ méjì. Ní 2020, tí gbogbo ayé ń wá hydroxychloroquine nítorí kòrónà, àwọn tó ní lupus ló jìyà ẹ̀.

Ọmọ Alákétu

A ti gbọ́. Ọkọ ẹ̀ ti gbà láti mú ìyá lọ. A ti rí ìsọ̀ kan tó ní ògiri lẹ́yìn, owó ẹ̀ fi díẹ̀ ga, àá dá a jọ san. Ìwé èsì náà ni mo ti ń lẹ̀ báyìí, torí inú àpò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni gbogbo ẹ̀ wà. Àdùnní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi í kún ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń sọ̀rọ̀.

Àdùnní, akẹ́kọ̀ọ́

Kó fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, kó má kọ ọ́ síbí o. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú la máa ń pàdé jù. Bí kò bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó kàn máa gbọ́.